Kúkù Tó Ń Bú Ìkòkò

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbáko ni obìnrin yìí fi se oúnjẹ ní ilé ìdáná ilé-ìwòsàn ńlá kan, kó sì tó lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀, orúkọ àbísọ rẹ̀ ti di ohun ìgbàgbé. Kúkù ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Dókítà ń pè é ní Kúkù, àwọn tó ń nu ilẹ̀ ń pè é ní Kúkù, ọmọ tó bí fúnra rẹ̀ pàápàá, bó bá wá kí i níbi iṣẹ́, á fi Mọ́mì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Kúkù, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó ga, ó sanra níwọ̀nba, apá rẹ̀ méjèèjì sì kún fún àpá iná kéékèèké. Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ béèrè. Ilé ìdáná yẹn kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń ní ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fa èéfín ń kùn lókè, omi ń hó nínú ìkòkò tó lè gba àgbàlagbà ní ìjókòó, abọ́ irin ń lu abọ́ irin. Ẹni tí kò bá lè pariwo níbẹ̀, àfi kó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé.

Ẹnu Kúkù mú ju ọ̀bẹ tó fi ń gé àlùbọ́sà lọ. Síbẹ̀, kò sí ẹ̀dá alààyè kan tó lè jáde wá wí pé Kúkù bú òun rí. Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, ọ̀gá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé èébú ló fi ń kí ènìyàn káàárọ̀. Lọ́jọ́ kan, ìrẹsì jó mọ́ ọmọbìnrin kan lọ́wọ́. Ọ̀gá bú u, ó bú ìyá tó bí i, ó bú ọ̀nà tó gbà dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin yẹn tú épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a dáadáa bí ẹni tó ń ká aṣọ tuntun, ó gbé e sórí tábìlì, ó jáde. Wọn ò rí i mọ́. Kúkù ló fọ ìkòkò tó fi sílẹ̀, ó ha á títí ọ̀sán fi pọ́n.

Ọdún kẹsàn-án tó dé ibẹ̀ ni wọ́n sọ òun náà di ọ̀gá. Ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sídìí síǹkì, ó ní, "Ẹ gbọ́ mi. A ò ní bú ènìyàn níbí mọ́. Iṣẹ́ yìí gbóná, inú á máa bí wa, mo mọ̀. Bí inú bá bí yín, ìkòkò rèé. Ìkòkò ò ní ìyá tó máa gbọ́."

Láti ọjọ́ náà, ojú ìkòkò rí màbo. Ìwọ̀sí tí ìkòkò, ṣíbí àti ẹnu gáàsì jẹ lọ́wọ́ Kúkù, ká ní ènìyàn ni wọ́n ni, wọn ì bá ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín, oúnjẹ ń jinná lásìkò, kò sì sẹ́ni tó tún ká épírọ́ọ̀nù sílẹ̀ mọ́.

Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó kó lọ bá ọmọbìnrin rẹ̀ lájà kẹta ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Aránṣọ ni ọmọ náà. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, òwú sì wà lára gbogbo àga, débi pé àlejò kì í lọ kó má gbé díẹ̀ dání nídìí aṣọ. Ilé ìdáná wọn kéré. Bí ẹni méjì bá wà níbẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kí èkejì tó lè ṣí dúróà. Sítóòfù olójú mẹ́rin ni wọ́n ní, ojú kan nínú rẹ̀ kì í sì í tàn àfi bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́. Páànù kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ ń mì. Ìdérí kan náà wà tí kò bá ìkòkò kankan mu nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá.

Aránṣọ ló fa ọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ ń béèrè bí wọ́n ṣe ń dín ẹja tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ páànù. Aránṣọ ní dípò kí òun máa ròyìn, òun á fi hàn án, nítorí ìyá òun ń dín ẹja lọ́wọ́ yẹn. Ó gbé fóònù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní kí ìyá òun ṣàlàyé fún ọ̀rẹ́ òun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò.

"Ẹ jẹ́ kí òróró gbóná dáadáa," ni Kúkù ń wí, ohùn rẹ̀ tútù bí omi àmù. "Ẹ nu omi ara ẹja kúrò. Ẹ má kánjú." Ó fi ṣíbí pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹja láti yí i padà. Ẹja ò dìde.

"Ìwọ páànù yìí!" Ilé mì tìtì. "Olórí burúkú! Wèrè! Mo fọ̀ ẹ́, mo nù ẹ́, mo fi òróró pa ẹ́ lára bí ọmọ tuntun, o wá di ẹja mi mú bí ọlọ́pàá! Kí ló jí ní ilé ẹ? Tú u sílẹ̀! Ojú ẹ á fọ́, òpònú!"

Ó wá yíjú sí fóònù, ohùn rẹ̀ tún padà di ti ìyá arúgbó tó ń rẹ ọmọ. "Ẹ rí i, ọmọ mi, bó bá lẹ̀ báyìí, ẹ má fi agbára fà á. Ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀, á tú ara rẹ̀."

Lóòótọ́, ẹja náà tú.

Ọ̀rẹ́ fi fídíò ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ rẹ̀, ìyá ọkọ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ fọ́n ọn káàkiri. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn tó ti wo Kúkù ti pọ̀ ju àwọn tó ti jẹ oúnjẹ rẹ̀ lọ láti ọjọ́ tó ti di ṣíbí mú. Wọ́n ń béèrè èyí tó kù. Aránṣọ ṣí ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó pè é ní Ìdáná Kúkù, gbogbo Sátidé láago mẹ́wàá àárọ̀ ni fídíò tuntun sì ń jáde: ẹ̀wà rírọ̀, ọbẹ̀ tòmátì, ẹyin, búrẹ́dì àfọwọ́pò. Ìmọ̀ràn wà nínú rẹ̀, èébú náà sì wà.

Bí òkìkí ṣe dé ni ìjà dé. Abẹ́ fídíò níbi tí àwọn òǹwòran ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sí ti di ojú ogun. Nọ́ọ̀sì kan kọ̀wé pé, "Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti ń gba ìwọ̀sí. Bí mo bá délé tí mo gbọ́ tí Kúkù ń bú ìkòkò, ńṣe ló ń dà bíi pé èmi ni mò ń fọhùn. Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnu yín kú." Ìyá ọlọ́mọ kan dá a lóhùn nísàlẹ̀: "Ọmọ ọdún mẹ́rin tó wà nílé mi pe bàtà rẹ̀ ní olórí burúkú lánàá. Níwájú ìyá ọkọ mi. Ẹ ṣeun o, Kúkù." Bàbá àgbàlagbà kan ní tòun, èébú kò burú, ẹ̀pè ni kò dáa: "'Ojú ẹ á fọ́' kì í ṣe èébú, ẹ̀pè gidi ni. Ẹ bú páànù, ẹ má ṣépè fún un. Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa rìn, a kì í sì í mọ ibi tó máa sọ̀ sí." Ọ̀dọ́ kan ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ pa ohùn fóònù rẹ̀, kó máa wo ọwọ́. Àwọn méjì tí wọn ò mọ ara wọn rí sì fi odidi ọjọ́ mẹ́ta jà lórí bóyá òpònú jẹ́ èébú tàbí oríkì. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Òpònú ni bàbá mi ń pè mí títí mo fi gboyè jáde. Ìfẹ́ ni!"

Aránṣọ á kà wọ́n sókè bó ṣe ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, Kúkù á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀rín náà dín kù díẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pe fóònù. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì ni ẹ̀gbọ́n yìí, ọkùnrin tó máa ń fi bírò pupa tún lẹ́tà ìpè ìgbéyàwó ṣe kó tó fi sínú àpótí.

"Àbúrò mi," ni ó wí, "ṣé òótọ́ ni pé o pe ìdérí ìkòkò ní ọmọ àlè lójú gbogbo ayé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìdérí yẹn ò bá ìkòkò kankan mu nínú ilé, a ò sì mọ ẹni tó gbé e wá. Kí lẹ fẹ́ kí n pè é?"

Ẹ̀gbọ́n wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kúkù mọ ikọ́ yẹn láti kékeré. Ẹ̀rín ló ń fi í bò.

"Síbẹ̀síbẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí, "àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ń wò ọ́. Ojú ń tì mí lójú pópó."

"Mi ò bú ènìyàn, Ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò bú ènìyàn rí láyé mi."

Ó dá a lójú bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni akọ̀wé ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìkòkò pe Aránṣọ. Ó ní wọ́n fẹ́ràn Kúkù púpọ̀, wọ́n sì fẹ́ fún un ní odindi ìkòkò mẹ́jọ, pẹ̀lú ìdérí wọn, kí ó máa fi wọ́n se oúnjẹ nínú fídíò. Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè: kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mọ́. Wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ kó fi dán an wò. Ìkòkò náà ń dán débi pé Kúkù rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ìdérí náà wọ̀ ọ́ bí ìbọ̀wọ́ ṣe ń wọ ọwọ́. Kúkù gbé e sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e sókè. Ọkàn rẹ̀ fà sí i, irọ́ kò sí níbẹ̀.

Ó ní òun á gbìyànjú.

Sátidé yẹn, ọbẹ̀ kárọ́ọ̀tì ló sè. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. "A ó gé kárọ́ọ̀tì wa. A ó fi í sínú ìkòkò wa." Nítorí pé gbogbo ọkàn rẹ̀ wà lórí ẹnu rẹ̀, ó gbàgbé iyọ̀. Nígbà tí ìdérí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì bọ́ lé ọmọńdinrín ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ọrùn rẹ̀ wú, gbogbo ènìyàn tó ń wò ó di àga mú. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Háà. Ìdérí ti ṣubú."

Àwọn òǹwòran fárígá. "Ta ni obìnrin yìí? Ẹ dá Kúkù wa padà." "Ṣé ara Kúkù yá? Aránṣọ, ẹ bá wa wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn." Ẹnìkan ní bí òun bá fẹ́ gbọ́ ìwàásù lórí kárọ́ọ̀tì, òun mọ ibi tí òun máa lọ. Ìyá ọlọ́mọ yẹn nìkan ló dúpẹ́, òun náà sì fi kún un pé ọmọ òun sùn kí ọbẹ̀ tó hó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn, tí Kúkù ń ro tìkòkò, tó ń ro tẹnu, nígbà tí ohùn kan wọlé sórí fóònù Aránṣọ lọ́jọ́ Túsìdeè. Ọkùnrin kan ló gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ ránṣẹ́. Aránṣọ ń rán ọrùn aṣọ kan lọ́wọ́, ó tẹ̀ ẹ́ kí ìyá rẹ̀ lè gbọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí. Ìyàwó mi ni ara rẹ̀ ò yá, àìsàn ọpọlọ ni, ó ti pé ọdún mẹ́ta. Ó tó oṣù márùn-ún tí kò rẹ́rìn-ín rárá kí n tó fi fídíò yín hàn án. Ọjọ́ tí ẹ pe ìdérí yẹn ní ọmọ àlè, ó rẹ́rìn-ín débi pé mo ní láti jókòó sílẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá ti di Sátidé, á wẹ̀, á múra, á jókòó dè yín. Ṣùgbọ́n Màmá, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti pe páànù ní wèrè, ńṣe ló máa ń dìde. Kò ní bínú, kò ní sọ nǹkan kan. Á kàn wọ yàrá, á kọjú sí ògiri títí di ìrọ̀lẹ́. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ní àdúgbò tá a ti kó kúrò nìyẹn. Mi ò ní kẹ́ ẹ má bú ìkòkò o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bú u, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá yẹn ò dùn. Ọ̀rọ̀ kan yẹn péré ni mò ń bẹ̀ yín sí."

Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Kúkù jókòó sórí àga tí aṣọ oníbàárà wà, kò tiẹ̀ mọ̀ pé aṣọ wà níbẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ oúnjẹ ló ń rí lọ́kàn rẹ̀. Mẹ́jọ ni kẹ̀kẹ́ tó máa ń jáde láti ilé ìdáná ilé-ìwòsàn láràárọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí wọ́ọ̀dù tirẹ̀. Keje ló ń lọ sí wọ́ọ̀dù tó wà ní ìpẹ̀kun, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n máa ń tì. Nínú ilé ìdáná, kò sẹ́ni tó ń pè é ní kẹ̀kẹ́ keje. "Kẹ̀kẹ́ àwọn wèrè dà?" ni Kúkù fúnra rẹ̀ máa ń pariwo. "Ẹ máa tì í lọ, kí oúnjẹ wọn má tutù!" Kò jẹ́ kí oúnjẹ wọn tutù lọ́jọ́ kan rí, ó sì ń fi ìyẹn yangàn. Orúkọ tó fi ń pè wọ́n, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò kà á sí èébú rárá. Ó ṣe é bí ẹni tó gbá ilé mọ́ fún àlejò, tí àlejò wá fa ìdọ̀tí yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé mo máa ń sọ ọ́ púpọ̀ ni?" ni ó béèrè.

"Èmi ni mò ń gé fídíò, Mọ́mì," ni Aránṣọ wí. "Yàtọ̀ sí ti kárọ́ọ̀tì, kò sí fídíò tí ẹ ò sọ ọ́. Mo rò pé ẹ̀yin náà mọ̀ ni."

Kúkù gba fóònù, ó pe ọkùnrin náà. Ariwo gáréèjì ń wọlé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí awakọ̀ gbọ́ ẹni tó ń pè, ó kọ́kọ́ ní kí ọmọdé kan má fi òun ṣeré.

"Èmi ni, Kúkù ni. Ẹ bá mi bẹ ìyàwó yín. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ń bọ́ lu ènìyàn."

"Màmá, ẹ má bẹ̀ mí, ẹ̀yin àgbà."

"Àgbà tó ṣe é ló ń bẹ̀bẹ̀. Mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Èwo nínú èébú mi ni wọ́n fẹ́ràn jù?"

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ti ìdérí ni o. Ó ń sọ ọ́ kiri ilé."

Ní Sátidé, kí Kúkù tó tan iná, ó dojú kọ fóònù, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ti kúrò lẹ́nu òun, òun á sì tún fẹ́ mọ̀ bóyá òmíràn wà. "Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ wo nínú ọ̀rọ̀ mi ló ń ṣe yín ní nǹkan?"

Ta ló rán an! Ọ̀rọ̀ wọlé bí òjò. Aránṣọ mú bébà gígùn tó fi ń gé àwòṣe aṣọ, ó kọ wọ́n síbẹ̀, ó sì fi pín-ìnnì kan bébà náà mọ́ ògiri ilé ìdáná. Kò pẹ́ tó fi kanlẹ̀. Ọkùnrin tí orí rẹ̀ pá ní kí wọ́n má pe ẹyin ní orí kodoro mọ́. Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́rọ̀ ní adití tí wọ́n ń pe gáàsì ń dun òun. Ẹnìkan tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ̀lẹ. Obìnrin ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin kò fẹ́ àgbàyà. Ọkùnrin kan tó ń sin ẹran gbèjà ewúrẹ́ pẹ̀lú ìbínú: "Ewúrẹ́ mi ní ọgbọ́n ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé síbí lọ."

"Bí mo bá tẹ̀lé gbogbo èyí," ni Kúkù wí, "ọwọ́ ni màá máa jù bí ẹni tó ń darí mọ́tò ní oríta."

Àmọ́ kò já bébà náà. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó dúró tì í ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè, ó ń fa ìlà. Ohun tí ènìyàn ń gbé kiri lára rẹ̀ tàbí nínú ayé rẹ̀, tí kò sì lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fagi lé e. Adití lọ. Orí kodoro lọ. Ẹ̀pè náà lọ, nítorí bàbá àgbàlagbà ti kọ̀wé nígbà mẹ́fà, ó sì yẹ kí ènìyàn sinmi. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ dúró. "Ẹni tó ń wá iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ," ni ó wí fún Aránṣọ, "kọ ìyẹn ránṣẹ́ sí i. Ojú gáàsì kẹrin yẹn lọ̀lẹ." Ewúrẹ́ dúró pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ sí olóhun ọ̀sìn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ kan nísàlẹ̀ bébà, pẹ́ńsùlù dúró. Ọkùnrin kan ló kọ ọ́, ìlà méjì péré: "Mi ò mọ bàbá mi. Ọmọ àlè ni wọ́n pè mí títí mo fi kúrò nílé."

Kúkù jókòó. Ọ̀rọ̀ tó mú obìnrin kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn oṣù márùn-ún náà ló ń gún ọkùnrin yìí. Ta ni kí ó gbọ́ tirẹ̀? Ó dìde, ó fọ abọ́ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó padà wá. Nígbà tó yá, ó fagi lé ọmọ àlè, kò sì dùn mọ́ ọn nínú.

Fídíò tó tẹ̀ lé e tún fẹ́ dà bíi ti kárọ́ọ̀tì. Èébú ti tán lápò rẹ̀. Ó gbé ìdérí yẹn dání, ó ṣí ẹnu, ó pa á dé. Ẹni tó gbà á sílẹ̀ ni ẹni tí kò sẹ́ni tó lè retí. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, fóònù dún. Ọ̀gá ilé-ìwé ni.

"Mú bírò," ni ó wí, kò tiẹ̀ kí i. "Ìṣòro rẹ ni pé o gbára lé èébú tí àwọn ẹlòmíràn ti lò gbó. Èdè wa kò tálákà bẹ́ẹ̀. Fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, kí o sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ìkòkò náà ṣẹ̀ gan-an. Ìkòkò tí kò tètè hó: Agbómi-má-hó. Sítóòfù: Ajẹgáàsì-má-jinná. Ṣé ò ń kọ ọ́?"

"Mò ń kọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi." Kúkù fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ìdérí yẹn..." Ó dákẹ́, bí ẹni tó fẹ́ gbé oúnjẹ àlejò pàtàkì kalẹ̀. "Abogbogbo-má-bo-kan."

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ọjọ́ wo lẹ ti ń ro èyí?"

"Mi ò ro nǹkan kan. Ó kàn wá sí mi lọ́kàn ní ilé ìwẹ̀ ni."

Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í fi mẹ́ta mẹ́rin ránṣẹ́, àmì ohùn pé lórí gbogbo wọn. Àwọn òǹwòran gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀dá tiwọn, wọ́n ń fi bú fáànù, wọ́n ń fi bú bọ́tìnnì. Ọmọ ọdún mẹ́rin yẹn pe bàtà rẹ̀ ní Awọsẹ̀-òdì, ìyá ọkọ sì ní ọmọ náà gbọ́n.

Inú ilé-iṣẹ́ ìkòkò nìkan ni kò dùn. Akọ̀wé pè pé bí wọ́n bá ń bú ìkòkò, ì báà jẹ́ pẹ̀lú gírámà, èébú náà ni, ta ni yóò wá rà á? Kúkù gbà pé òtítọ́ wà níbẹ̀. Ó fọ ìkòkò dídán yẹn, ó nù ún, ó dá a padà sínú páálí rẹ̀. Bí Aránṣọ ṣe ń dì í, ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sínú páálí pé, "Arẹwà-má-bánigbé."

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, awakọ̀ gba ìsinmi, ó sì mú ìyàwó rẹ̀ wá kí Kúkù. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó wé gèlè tó dúró dáadáa, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Ó kúnlẹ̀ kí Kúkù. Kúkù ní kò sí fóònù lónìí, kò sí fídíò. Awakọ̀ àti Aránṣọ jókòó ní pálọ̀. Ìyàwó gba àpótí ìjókòó nínú ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń wò bí Kúkù ṣe ń gé tòmátì.

Kúkù se ọbẹ̀ ẹyin. Bó ṣe ń sè é, ó bú ojú gáàsì kẹrin, ó bú ṣíbí. Ó gbé ìdérí sókè, ó fọkàn balẹ̀, ó ní, "Ìwọ Abogbogbo-má-bo-kan!"

Ìyàwó awakọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wò ó. Kúkù bu oúnjẹ, àwọn méjèèjì jẹ ẹ́ níbẹ̀, ọ̀kan lórí àpótí, ọ̀kan ní ìdúró. Ìgbà tí ìyàwó jẹun dé ìdajì, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Màmá," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kéré, "èyí tó wà tẹ́lẹ̀ dáa jù."

Kúkù wò ó. Ó na ẹsẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹnu sún mọ́ ìdérí bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí fún un, ó sì pè é ní orúkọ rẹ̀ àtijọ́, wúyẹ́wúyẹ́.

Awakọ̀ ń sọ̀rọ̀ taya bọ́ọ̀sì fún Aránṣọ ní pálọ̀ nígbà tó gbọ́ ẹ̀rín láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ.

Ara ìyàwó yẹn kò tíì yá tán, ènìyàn ò gbọ́dọ̀ purọ́. Àwọn Sátidé kan wà tí kì í fẹ́ dìde. Àmọ́ ó máa ń wá, ó sì máa ń bá Kúkù ṣa ẹ̀wà. Ní ti ìkànnì, àwọn kan ti lọ nítorí pé èébú kù, àwọn kan lọ nítorí pé kò tíì kúrò tán, àwọn tó kù sì pọ̀ tó láti máa jà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Kúkù da ata sínú òróró kó tó da àlùbọ́sà. Títí di àárọ̀ òní, wọn ò tíì parí ìjà yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti kọ ojú ewé méjì lórí ọ̀rọ̀ náà.